Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ń Gbà Wọlé

Ọwọ́ ẹ̀ ló bà á jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló bà á jẹ́. Tó bá lọ jẹ́ pé nǹkan míì ló fà á, kí ni màá wá... rárá. Mi ò tíì débẹ̀. Kí n fara balẹ̀ ná. Kí n má fi ìwàǹwára ba ọjọ́ tí mo ti ń retí tipẹ́tipẹ́ jẹ́.

Ọkọ̀ náà nìyí níwájú mi. Ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ́ńjìnnì dísù, bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà lókè, gbogbo inú ẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó sì ti ń tún un ṣe kó tó dọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tó ti tú u tó tún tò ó, àìsàn ọkọ̀ náà ò lọ. Dẹ́rẹ́bà fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó gbé e wọlé láàárọ̀. "Màmá, ọkọ̀ yìí ti sú mi. Tí mo bá fẹ́ ṣíná ẹ̀ láàárọ̀, á máa kùn, á máa kùn, kò ní dáhùn àfi tí bátìrì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Tí mo bá wá rẹrù gun òkè, agbára ẹ̀ á lọ pátápátá. Lánàá ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín títì, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo rò pé ó ti parí fún mi." Mo bi í pé ta ló ń bá a tún un ṣe. Ó wolẹ̀. Ó ní ọ̀gá kan ni, lẹ́yìn afárá lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ tó ní géètì aláwọ̀ ewé.

Géètì aláwọ̀ ewé. Bàbá mi ló kun géètì yẹn. Èmi ni mo bá a di agolo ọ̀dà mú.

Mo ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ wá, kó lọ jókòó sábẹ́ ìbòòji. Ojú mi ò yí padà, mo mọ̀ pé kò yí padà. Ṣùgbọ́n inú mi — áà, inú mi ń dùn lọ́nà tí kò dáa. Bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n wá yọ́ sọ fún un pé adájọ́ ti dé.

Bàbá wa ló kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ kan náà la jọ ń wọ̀, dísù kan náà ló ń kán sí wa lójú. Bàbá kú tán, ẹ̀gbọ́n mi tú pọ́ńpù ọkọ̀ oníbàárà kan, ó tò ó padà, kò tò ó dáadáa. Mo wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kó tún un wò, ó ní kí n gbé ẹnu mi sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n ṣíná sí ẹ́ńjìnnì yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń sáré, kò gbọ́ pé kí wọ́n pa òun, ó sáré títí ó fi fọ́ mọ́ra ẹ̀. Oníbàárà bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó fẹ́ jà. Gbogbo àwọn dẹ́rẹ́bà pagbo yí wa ká. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n. Ó wò mí. Ó nawọ́ sí mi.

"Àbúrò mi ló tò ó."

Bó ṣe wí nìyẹn. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. "Àbúrò mi ló tò ó, mo ti ní kó yé fọwọ́ kan pọ́ńpù." Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, àpótí irinṣẹ́ mi ti wà lẹ́bàá gọ́tà, òjò ti pa á, àgádágodo tuntun sì ti wà lẹ́nu géètì. Géètì tí mo di agolo ọ̀dà ẹ̀ mú.

Àbúrò mi ló tò ó. Mò ń fọ irin ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ ẹlòmíì, ó ń dún létí mi. Wọ́n fi mí sídìí àwo epo dúdú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, èmi tí mo lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì láti òdìkejì títì kí n sì mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú àwọn nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú ẹ̀ — ó ń dún létí mi. Ìyá wa ní kí n gbàgbé. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣáà ni." Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní ará ìta ni, ṣé màá ṣì máa rò ó?

Ó dáa. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe. Iṣẹ́.

Kí ni ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ wí? Ilẹ̀ gbẹ. Kò sí dísù tó kán sílẹ̀, kò sí ọ̀rinrin lára ẹ́ńjìnnì, kò sí òórùn tó kọjá ààlà. Ẹlòmíì á ní kò sí ibi tó ń jò nìyẹn. Irọ́ ni. Mo ṣíná sí i — ó kùn, ó kùn, ó kùn, ó tó dáhùn — mo mú páálí, mo ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá àwọn páìpù tó lọ sórí nọ́sù. Páálí, kì í ṣe ọwọ́. Ohùn bàbá mi ṣì wà níbẹ̀: "Má fọwọ́ wá a o! Agbára tó ń ti dísù níbẹ̀, tí ihò bá wà bíńtín, á gún awọ ẹ bí abẹ́rẹ́, á wọnú ẹran lọ, wọ́n á sì gé ọwọ́ náà ni." Ká ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀ báyìí, ọwọ́ tó nà sí mi yẹn... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àbí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rárá. Rárá o, mi ò fẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ojú tì í. Mo fẹ́ kó dúró láàárín èrò kó má mọ ibi tó máa fojú sí. Ìyẹn ti tó mi.

Páálí gbẹ. Ìhà ibi tí agbára wà kò jò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìhà kejì ló kù, ìhà tí pọ́ńpù ti ń fa dísù bọ̀ láti inú táǹkì, ibẹ̀ ni mo sì ń fojú sùn látàárọ̀. Tí ihò bá wà níbẹ̀, dísù kì í jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Bí ẹni tó ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tó luhò fa omi mu ni. Ilẹ̀ á gbẹ, ara ẹ́ńjìnnì á gbẹ, ọkọ̀ á sì máa kú lọ. Tó bá sùn di àárọ̀, dísù inú páìpù á ti padà sínú táǹkì, pọ́ńpù á máa fa òfìfo. Mo so géèjì tó ń wọn agbára dísù mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, kò dúró sójú kan, kò sì gòkè tó. Mo yọ páìpù rọ́bà tó wọ pọ́ńpù, mo fi èyí tó mọ́ gaara rọ́pò ẹ̀ kí n lè rí inú. Wò ó. Wò ó bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bọ̀. Kéékèèkéé, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, wọn ò dáwọ́ dúró.

Níbo lẹ ti ń gbà wọlé, ẹ̀yin wọ̀nyí?

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rọ dísù tó mọ́ sínú ẹ̀, mo fi rọ́bà so ó mọ́ pọ́ńpù tààrà, mo yọ fílítà tó ń sẹ́ dísù àti táǹkì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣíná. Lẹ́ẹ̀kan náà! Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dún gbùùùù, ohùn ẹ̀ dán mọ́rán bí ohùn ẹni tó jẹun yó. Abẹ́rẹ́ géèjì gòkè, ó dúró. Pọ́ńpù ò ṣe nǹkan kan. Nọ́sù ò ṣe nǹkan kan. Láàárín táǹkì sí fílítà ni wàhálà wà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́, dẹ́rẹ́bà ní ó pààrọ̀ fílítà, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó tú gbogbo ẹ̀ tó tún tò ó...

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan. Ẹ̀rín náà tilẹ̀ dẹ́rù bà mí díẹ̀.

Mo ti mọ ohun tí màá rí. Wọ́ṣà àtijọ́ tó tún lò nígbà tó yẹ kó fi tuntun sí i. Òrùka rọ́bà tó yí ọrùn. Iṣẹ́ ìkánjú. Màá pe dẹ́rẹ́bà, màá ní kó fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, kó gbé e lọ sí gáréèjì kó fi han gbogbo wọn. Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Dókítà Dísù, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Màá tiẹ̀ bá a lọ. Màá wẹ̀, màá wọ aṣọ tó dáa. Màá dúró láàárín wọn, màá nawọ́ bó ṣe nawọ́ sí mi, ohùn mi náà ò ní gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ló tò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tò ó. Ó dùn lẹ́nu mi. Jẹ́ kí n tún un sọ.

Fílítà. Mo tú u. Wọ́ṣà... tuntun ni. Bàbà ẹ̀ ṣì ń dán. Òrùka rọ́bà jókòó sáàyè ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi dísù pa á lára kó tó dì í, bí bàbá ṣe kọ́ wa. Kò burú. Ẹyọ kan nìyẹn. Oríkèé tó tẹ̀ lé e? Ó dáa. Òmíì? Ó dáa. Ẹ wo ìyà! Mò ń wá ìbàjẹ́, mò ń bá iṣẹ́ rere pàdé, inú sì ń bí mi sí iṣẹ́ rere. Kílódé tó fi ṣe é dáadáa? Ta ló ní kó ṣe é dáadáa?

Dúró.

Kí nìyí? Igun nọ́ọ̀tì yìí ti fọ́. Sípánà ti yọ̀ lórí ẹ̀, ó ti họ ara irin káàkiri. Èyí náà. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í ba nọ́ọ̀tì jẹ́? Tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí sípánà bá yọ̀ lọ́wọ́ mi? Sípánà tó tóbi jù ló fi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ó fi sí i, ó yọ̀, ó tún fi sí i. Ẹ tún wo ọ̀dà. Tí bàbá bá fún nọ́ọ̀tì le tán, á kán ọ̀dà funfun tó-tó-tó sí i lórí, kó lè mọ̀ lọ́jọ́ míì bóyá ó ti yí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kán ọ̀dà náà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bọ́ sórí nọ́ọ̀tì nínú ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì ló wà. Ọ̀kan wà lórí rọ́bà. Ọ̀kan wà lára irin lásán, kò sún mọ́ nǹkan kan.

Háà. Ó ti ń mutí nìyẹn! Ọ̀gá ti di ọ̀mùtí. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Èyí gan-an dáa ju wọ́ṣà lọ. Wọ́ṣà, wọ́n lè ní àṣìṣe ni, ta ni kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọtí? Ta ló máa gbé ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ fún ẹni tó mutí yó? Oṣù yìí ò ní tán tí géètì yẹn máa fi tì. Àgádágodo tuntun. Kí òjò pa àpótí tiẹ̀ náà.

Mo dùbúlẹ̀, mo yí wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, àkísà lọ́wọ́. Páìpù irin ló kù, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣáàsí, egungun ọkọ̀, láti táǹkì wá síwájú. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ gbogbo abẹ́ yìí, eruku, ọ̀rá àtijọ́... ṣùgbọ́n ara páìpù mọ́. Ẹnì kan ti nù ún. Rárá, kì í ṣe nínù. Ìka ni. Ipa ìka wà nínú ọ̀rá náà, ó gùn, ó ń bá páìpù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ. Ó lọ, ó lọ, ó kọjá kílíìpù tó di páìpù mú yìí, ó tún ń lọ.

Kílíìpù yìí. Rọ́bà inú ẹ̀ ti jẹrà, irin ti ń họ irin. Mo tú u. Mo nu ibẹ̀. Mo yí iná sí ọ̀tún, kò sí nǹkan kan. Mo yí i sí òsì...

Òun nìyẹn.

Ó tín-ín-rín bí irun. Ìlà dúdú kan, kò gùn ju èékánná lọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo fi ìka mi tọ́ ọ, ìka mi ò mọ̀ ọ́n. Ó yọ̀ kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ojú nìkan ló lè rí i, ojú àti iná tó wá láti ẹ̀gbẹ́.

Kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ ló bà á jẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà burúkú ni, àti gbígbọ̀n, àti ọdún. Ó dùn mí. Mi ò lè parọ́ fúnra mi lábẹ́ ọkọ̀, ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó rí i! Ó dé ibí, ipa ìka ẹ̀ rèé, ó dé orí ẹ̀ gan-an, ó sì kọjá. Mẹkáníìkì wo ni kò ní tú kílíìpù tí rọ́bà ẹ̀ ti jẹrà báyìí? Ìyẹn náà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìyẹn náà tó sọ.

Ni mo bá pe dẹ́rẹ́bà. Mi ò tiẹ̀ jáde, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kó wò ó láti ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ rí i? Ọ̀gá tó ń bá yín tún un ṣe, ó dé ibí yìí. Ó fọwọ́ kàn án. Kò rí i." Mo mí kanlẹ̀, mo fẹ́ wá tú gbogbo ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀, àtọdún tí bàbá kú...

Ó ti padà lọ jókòó báyìí. Mi ò lè sọ bí mo ṣe ní kó máa lọ. Mo ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ohun tó sọ ni mò ń gbọ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Òun náà ló ní kí n gbé e wá fún yín. Ó ní kí n má sọ o. Ó ní kí n ní àwọn ará gáréèjì ló júwe yín." Ó họrí. "Ó dùbúlẹ̀ síbi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí yẹn, ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó jáde, ó ní, 'Gbé e lọ fún àbúrò mi. Òun ló máa rí i.'"

Òun ló máa rí i.

Kò ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ì bá ti ní mo mọ iṣẹ́ ju òun lọ — rárá, kò lè sọ ìyẹn láé. Ó ní rí. Rí.

Ọ̀dà tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì. Gbogbo ẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Ẹni tó mutí, ọ̀dà ẹ̀ á wà káàkiri. Sípánà tó tóbi jù... tí kò lè ka nọ́ńbà ara ẹ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ lè mọ̀, ó ṣe é láìkù síbì kan. Ohun tó fẹ́ ojú nìkan ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú bàbá nìyẹn. Eruku ni, ó máa ń ní eruku ló kó sí òun lójú. Ó wá ń gbé nọ́ọ̀tì súnmọ́ imú. Èmi kéré nígbà yẹn, mi ò fura. Ẹ̀gbọ́n mi ló fura. Òun ló máa ń dúró lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá tí oníbàárà bá wà níbẹ̀, tó máa ń fi sípánà tó yẹ sí i lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Títí bàbá fi kú, kò sí ará ìta tó mọ̀.

Ta ló ń dúró lọ́wọ́ ọ̀tún tiẹ̀?

Mi ò dárí jì í. Kí n sọ ọ́ kí n gbọ́: mi ò dárí jì í. Kò tíì dúró níwájú ẹnikẹ́ni kó ní òun lòun tò ó. Ó tún fi dẹ́rẹ́bà rán irọ́ sí mi lónìí olónìí, ó ní kó má dárúkọ òun. Agbéraga. Inú ń bí mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ní gáréèjì, géètì yẹn tì. Kò nílò fọ́tò. Kò nílò ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo ti ń fẹ́ látọjọ́ pípẹ́ wá, òun rèé lọ́wọ́ mi, ó pé pérépéré.

Ó sì mọ̀. Ìyẹn ni mi ò rò títí di ìsinsìnyí. Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé màá tú gbogbo ẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé màá rí ọ̀dà, màá rí igun nọ́ọ̀tì, màá rí ipa ìka ẹ̀ nínú ọ̀rá. Mẹkáníìkì pọ̀ láàárín afárá yẹn síbí. Ó fo gbogbo wọn, ó gbé e wá fún ẹni tó kórìíra ẹ̀ jù láyé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ríran mọ́. Èmi ló sì sọ ọ́ fún.